Kí ẹ tó lé ajá kúrò nílé nítorí oyún

Ládùúgbò wa níbí, ní Ẹlẹ́yẹlé, bí oyún bá ti hàn lára obìnrin tó ní ajá nílé, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n máa ń sọ fún un. Àdúrà ló máa ń ṣáájú: "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Èkejì á wá tẹ̀ lé e, ohùn á sì ti rẹlẹ̀ díẹ̀: "Ajá yìí wá ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní í wá ibi gbé e lọ?" Mo gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ìyá ọkọ mi, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi, mo gbọ́ ọ lẹ́nu màmá tó ń ta ẹ̀kọ ní ìta wa. Èmi gbé oyún dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ajá nínú ọgbà, mo sì fi ojú mi rí gbogbo bó ṣe ń yí ìwà padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Ọ̀pọ̀ ajá ni wọ́n ń lé jáde lásán nílùú Ìbàdàn yìí nítorí pé kò sẹ́ni tó fara balẹ̀ wo ohun tí ajá náà ń ṣe.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá wa. Bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ ọdẹ ní apá Ìdó, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fà á lé wa lọ́wọ́. Àwa gé e kúrú sí Mọ̀la. Abo ajá ìbílẹ̀ ni, ó pupa, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ apá òsì sì ti ya níbi tó ti bá ajá míì jà. Kì í ṣe ajá inú yàrá rárá. Ẹnu géètì ló ń sùn, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń jẹun, èmi ni mo sì ń bọ́ ọ: ẹ̀bà àná, ẹ̀kọ, eegun, orí ẹja lọ́jọ́ tí mo bá din ẹja. Aránṣọ ni mí. Iwájú ilé, lábẹ́ páànù tí a nà síta, ni máṣíìnì mi wà, níbi tí èmi àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mọ ariwo rẹ̀. Mọ̀la kórìíra ariwo yẹn. Bí mo bá ti jókòó sídìí rẹ̀ báyìí, ó dìde nìyẹn, ó di ẹnu géètì.

Nínú ọyẹ́ ọdún tí mo lóyún, gbogbo rẹ̀ yí. Mo ń rán aṣọ ẹbí kan tí wọ́n fẹ́ gbà lópin ọ̀sẹ̀, ni nǹkan gbígbóná bá kàn mí lẹ́sẹ̀. Mọ̀la ni. Ó ti wọ abẹ́ máṣíìnì, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ tí mi ò fi tẹ̀ ẹ́. Mo lé e jáde, ó yí po, ó gba ẹ̀yìn àga wọlé padà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi lé e, ó kàn wo ọmọ náà ni, kò mira. Láti ọjọ́ náà lọ, ibi tí mo bá wà ló wà. Mo wọ balùwẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ ra òwú níwájú, ó tẹ̀ lé mi, bẹ́ẹ̀ kò tẹ̀ lé mi kọjá igi máńgòrò tó wà ní kọ̀rọ̀ wa rí. Lálẹ́, ó fi ẹnu géètì sílẹ̀, ó wá ká jọ sábẹ́ fèrèsé yàrá wa.

Ó tún ń gbóòórùn mi. Níwájú àwọn oníbàárà, á ki imú bọ ẹ̀gbẹ́ itan mi, á fà á símú, á tún fà á, á wá gbójú sókè wò mí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíì. Ọkọ mi rò pé ara ajá náà ni kò yá. Ó wo eyín rẹ̀, ó wá eégbọn sí i létí, kò rí nǹkan kan. Èmi gan-an lara mi ò yá. Òórùn àmàlà tí wọ́n bá ń rò lórí iná ń lé mi jáde ní kíṣìnnì, agbálùmọ̀ nìkan ni ọ̀fun mi ń fẹ́, mo sì gbà pé ibà ni. Ìgbà tí mo wá fi ìtọ̀ yẹ ara mi wò, tí ìlà méjì yọ, ọkọ mi wo Mọ̀la tó nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Èyí ti mọ̀ ṣáájú wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi títí dòní. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wa, kíá ni wọ́n sọ ọ́ di nǹkan míì. Ẹnìkan ní ajá tó bá ń gbóòórùn aboyún, ohun tí ojú ẹ̀dá kò rí ló ń rí. Òmíràn ní kí n má jẹ́ kí imú rẹ̀ kàn mí mọ́, kó má baà ṣe ọmọ níjàm̀bá. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo sì ń bi àwọn tó mọ ajá léèrè.

Imú ni ajá fi ń mọ ayé. Àwọn ohun tín-ín-tìn-tín tó ń gba òórùn nínú imú èèyàn ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 sí 6 lọ. Ti ajá lè tó mílíọ̀nù 300. Ó tún ní ibì kan ní àjà ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú òkè, tó fi ń gba irú òórùn tí ẹranko fi ń dá ara wọn mọ̀. Ìdí nìyẹn tí imú rẹ̀ fi máa ń wá itan àti abẹ́ apá èèyàn lọ, torí níbẹ̀ ni òórùn ara ti ń jáde jù. Obìnrin tó bá sì lóyún, họ́mónù ara rẹ̀, ìyẹn èròjà inú ara tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ń yí láti ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé pélébé tí à ń tì bọ ìtọ̀, họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní hCG ló ń wá. Progesterone àti estrogen náà ń gòkè. Ara tó ń yí báyìí nínú, òórùn rẹ̀ náà lè má rí bó ṣe rí lóṣù tó kọjá, bí àwa ò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó mú mi gbà pé imú lè tó bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí kan tí wọ́n fi àwọn ọmọ Gambia ṣe, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níbí. Wọ́n fún àwọn ọmọdé ní ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ sùn, wọ́n sì kó àwọn ìbọ̀sẹ̀ náà lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ajá tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ òórùn. Ní 2018 wọ́n kéde èsì rẹ̀: nínú 100 ọmọ tó ní kòkòrò ibà lára, ajá mọ nǹkan bí 70, láti inú ìbọ̀sẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ lójú tiwa ara àwọn ọmọ náà dá ṣáṣá. Imú tó lè rí ibà nínú ìbọ̀sẹ̀, kí ló máa fi ṣòro fún un láti mọ̀ pé òórùn ẹni tó ń bọ́ òun láràárọ̀ ti yàtọ̀? Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohun tí mi ò sọ. Kò tíì sí ìwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ajá mọ̀ pé ọmọ ló wà nínú ikùn. Ìròyìn àwa tó ní ajá ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó mọ̀ pé nǹkan ti yí lára ẹni tirẹ̀, ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Bàbá ọkọ mi kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, àmọ́ àlàyé tiwọn ló wọ̀ mí lára jù. A lọ kí wọn ní Ìdó, mo ròyìn Mọ̀la fún wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ẹ̀yin ń wojú ara yín. Ajá ń wo ẹsẹ̀ yín. Bó o ṣe ń gbé ẹsẹ̀ yẹn ti yí padà, o ò kàn mọ̀ ni." Wọ́n ní tí àìsàn bá ń bọ̀ lára ọdẹ, tí kò tíì sọ ọ́ fún ará ilé, ajá rẹ̀ kì í sáré jìnnà síwájú lọ́jọ́ náà, á kàn máa padà wá wò ó. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi. Òótọ́ ni. Mi ò tẹ máṣíìnì kíkankíkan mọ́, mò ń sinmi láàárín. Ariwo tó ń lé Mọ̀la lọ sẹ́nu géètì ti dín kù. Èmi tí kì í jókòó lọ́sàn-án ń sùn lórí ẹní lábẹ́ páànù. Mo ti pa ìpara olóòórùn tì torí ó ń dà mí nínú rú. Mò ń dìde lóru, iná yàrá ń tàn nígbà tí kì í tàn tẹ́lẹ̀. Ká tilẹ̀ ní imú ajá náà dí pátápátá, nǹkan tó fojú rí tó fetí gbọ́ ti tó kó fi mọ̀.

Mo fẹ́ràn àlàyé yẹn ju èyí tó sọ ajá di awòràwọ̀ lọ, torí ó fi hàn pé ajá ń kíyè sí wa lójoojúmọ́, bóyá oyún wà, bóyá kò sí.

Oṣù àkọ́kọ́ àti èkejì, àní dé ìkẹta, ìwà Mọ̀la ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Nígbà tí ikùn mi yọ ló le. Àbúrò ọkọ mi wá kí wa láti Mókọ́lá, ó ń bá mi ṣeré, ó di ọwọ́ mi mú láti fà mí dìde lórí àpótí tí mo jókòó lé. Kó tó fà mí, Mọ̀la ti wà láàárín àwa méjèèjì. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ètè rẹ̀ ká sókè, ó ń kùn láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Ọmọkùnrin yìí ló máa ń wẹ̀ fún un! Kò gé e jẹ, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa dákẹ́. Lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ aránṣọ kò sì ṣeé ṣe lókèèrè. Mo gbọ́dọ̀ fi téèpù yí àyà ẹni tó fẹ́ ránṣọ ká, mo gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ìyá kan dúró sẹ́nu géètì, ó ní kí n gbé bùbá òun jáde wá fún òun níbẹ̀, òun ò wọlé ajá tó ń wo èèyàn báyìí.

Ìyá ọkọ mi pe ọkọ mi jókòó. Wọ́n ní àwọn ò bá ajá jà, àwọn ń ro ọmọ tó ń bọ̀ ni. Àwọn ti mọ ẹni tó máa gbà á. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, mi ò sì jiyàn. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Gbígbé ajá láti Ẹlẹ́yẹlé dé Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Kò sí máíkírà tó gbà wá. Ẹni tó bá ti rí etí tó ya yẹn, á tẹ iná mọ́tò. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwà kan ló gbà, lẹ́yìn tí a ti fi aṣọ di ẹnu ajá náà díẹ̀, tí ọkọ mi sì gbà láti san gbogbo ààyè ẹ̀yìn. A gba Ṣáńgo lọ. Mọ̀la gbé orí lé itan mi títí a fi dé ilé ìwòsàn ẹran tó wà nínú ọgbà yunifásítì.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin ni. Ohun àkọ́kọ́ tó bi wá ni ìwé àjẹsára. Kò béèrè bí ajá ṣe ń kùn, kò béèrè oyún mi: ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbẹ̀yìn? Mo fẹ́ kí gbogbo ilé tó ní ajá àti aboyún gbọ́ ìbéèrè yẹn létí ara wọn. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé nínú 100 èèyàn tí dìgbòlugi ń mú, nǹkan bí 99 ló jẹ́ láti ara ajá. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ajá ń dènà rẹ̀. Ajá tí ẹ ò tíì gún ní abẹ́rẹ́ yìí léwu fún yín kí oyún tó dé, ó léwu fún yín lẹ́yìn tí ọmọ bá dé. Tí ajá bá sì gé èèyàn jẹ, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má fi epo tàbí àgúnmu sí i, kí ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Oyún kò ní kí èèyàn má gba abẹ́rẹ́ náà. Dókítà yẹn tẹnu mọ́ ọn fún mi, ó ní àwọn obìnrin kan ti sọ fún òun pé àwọn ń dúró kí àwọn bí ná.

Ó gún Mọ̀la lábẹ́rẹ́, ó fún un ní oògùn aràn. Ọ̀rọ̀ aràn yìí náà kan aboyún, torí ẹyin aràn kan wà nínú ìgbẹ́ ajá tó lè dé inú èèyàn láti ọwọ́ tí a kò fọ̀, ó sì ń ṣe ọmọdé tó bá ń fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ bọnu. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ló ń kó ìgbẹ́ rẹ̀, èmi sì ń fọwọ́ lẹ́yìn tí mo bá fọwọ́ kàn án. Àrùn míì tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù, èyí tó lè ba ọmọ inú jẹ́, ìgbẹ́ ológbò àti ẹran tí kò jinná ni ká ti máa wò ó.

Ó wá kan kíkùn. Dókítà bi mí pé kí ni mo máa ń ṣe bó bá kùn. Ọkọ mi dáhùn pé òun máa ń na igi sí i. Dókítà mi orí. Ó ní kíkùn ni ajá fi ń kìlọ̀. Ẹni tó bá ń na ajá nítorí pé ó kùn, ó ń kọ́ ọ kó gbé kíkùn jù sílẹ̀, kó máa gé èèyàn jẹ láìkìlọ̀. Lójú Mọ̀la, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, kò lè sáré, ó ń sùn lọ́sàn-án, àlejò sì ń wọlé ṣáá. Ó ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́. Iṣẹ́ tiwa ni láti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù.

Bí a ṣe ṣe é kò le. A tẹ́ àpò ìrẹsì kan sí igun kan lábẹ́ páànù, ibẹ̀ sì di àyè rẹ̀. Bí àlejò bá ti ń ṣí géètì, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi á pè é lọ síbẹ̀, á sì fún un ní ẹ̀já díẹ̀ lára ẹja gbígbẹ. Kí àlejò tó dé ọ̀dọ̀ mi ni o, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti kùn tán. Nígbà tó yá, bó bá ti gbọ́ géètì, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ jókòó lórí àpò, tó ń retí ẹja. Ọkọ mi gba bíbọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èyí dùn mí, mi ò purọ́, torí mo fẹ́ràn bó ṣe ń wò mí láràárọ̀, ṣùgbọ́n dókítà ní kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí mo bá bímọ ni ọwọ́ tó ń bọ́ ọ máa yí padà lójijì. Àbúrò ọkọ mi náà ń wá láti Mókọ́lá, ó ń jókòó jìnnà sí mi, ó ń ju eegun sí i, títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ fún un.

Oníbàárà mi kan wà ní Àpáta tí ajá tirẹ̀ gba ọ̀nà míì. Ajá òyìnbó ńlá ni, akọ, inú pálọ̀ ló sì ń gbé, orí àga ló ti ń sùn lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Nígbà tó lóyún, èébì ò jẹ́ kó fẹ́ òórùn ajá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n tì í síta. Ajá náà kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni, kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló kọ̀. Ó dojú kọ ògiri. Nígbà tó bá ráàyè wọlé, á tọ̀ sórí bàtà ọkọ. Wọ́n ní ó ń jowú oyún, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì kí ìyá tó bímọ. Mo máa ń ro ajá yẹn. Ohun tó ń sọ yé mi: àyè mi dà? Kò sẹ́ni tó fi àyè tuntun hàn án. Ìdí nìyí tí mi ò fi í bá àwọn tó ń sọ pé gbogbo ajá ló máa ń fẹ́ràn aboyún fohùn ṣọ̀kan. Òmíràn á súnmọ́ yín jù, òmíràn á sá, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́. Ilé tó yí padà ni gbogbo wọn ń fèsì fún.

Lóru, nígbà tí oyún ti ń wọ oṣù keje, Mọ̀la ń gbó lábẹ́ fèrèsé. Ìyá ọkọ mi fi abẹ́rẹ́ kọ́ mi láṣọ, wọ́n ní kí n má bọ́ ọ, kí n má sì rìn lọ́sàn-án gangan. Mo fi kọ́ra bí wọ́n ṣe wí, torí ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ọkọ mi jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó rí ológbò aládùúgbò lórí ògiri. Ológbò yẹn ti ń gba orí ògiri kọjá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹnu géètì ni Mọ̀la máa ń wà tẹ́lẹ̀, kì í dé etí wa.

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú ẹjọ́ Màmá ni irun. Wọ́n ní irun ajá máa wọ ọ̀fun ọmọ, á di ikọ́ fée. Mo ka ohun kan lórí èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀: ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Sweden gbé àkọsílẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọmọdé yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ajá wà nílé wọn nígbà tí wọn kò tíì pé ọdún kan, ewu ikọ́ fée lára wọn nígbà tí wọ́n dé ọjọ́ orí iléèwé fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù. Mo kà á fún Màmá. Wọ́n ní Sweden kọ́ ni Ìbàdàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ níbẹ̀, n kò sì mú ajá wọ inú yàrá ọmọ nítorí ìwádìí kankan.

Kí ọmọ tó dé, a ti gbé ibùsùn Mọ̀la kúrò lábẹ́ fèrèsé díẹ̀díẹ̀, lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, kó má baà di pé ọjọ́ tí ọmọ dé ni a lé e. Mo wá ohùn ọmọ tó ń sunkún sórí fóònù, mò ń jẹ́ kó gbọ́ ọ nígbà tó bá ń jẹun, ohùn kékeré lákọ̀ọ́kọ́, ó wá ń lọ sókè. Lákọ̀ọ́kọ́, ó sáré yí ilé ká, ó ń wá ọmọ. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ọ, ó ń jẹun lọ.

Òru ni mo lọ bímọ. Àwọn tó kù nílé sọ fún mi pé Mọ̀la jókòó sẹ́nu géètì, kò jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ọkọ mi gba aṣọ kan tí a fi wé ọmọ, ó gbé e lọ sílé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ní ajá náà gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lé e, kò fà á ya. Ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù, ọkọ mi ló gbé ọmọ. Èmi kọ́kọ́ wọlé lọ́wọ́ òfo, mo kí Mọ̀la. Ó fò mọ́ mi, ó ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni, ajá ń sunkún, mo fi ọwọ́ pa á lórí títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi wọlé pẹ̀lú ọmọ. Ó na imú sókè sí ẹsẹ̀ ọmọ náà láti ọ̀nà jíjìn, ó sì padà sórí àpò rẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a so ó sí ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀, pẹ̀lú omi àti eegun, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi sì ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wọn fẹ́ gbé ọmọ, mi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí ajá bá dáa tó, ẹ má fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dán an wò.

Ọmọ ti ń rá báyìí. Mọ̀la ti padà sí ẹnu géètì lálẹ́. Kò wá abẹ́ máṣíìnì mi mọ́, ariwo rẹ̀ ti tún ń lé e. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sunkún nínú yàrá, ó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi kí igbe náà tó ga, á dúró, á máa wò mí títí màá fi dìde. A kì í fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan, kódà fún ìgbà tí èèyàn fi ń sọ omi ọbẹ̀ kalẹ̀. Màmá kò fẹ́ràn ajá, wọn kò sì sọ pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ṣì máa ń gbé ọmọ sókè tó bá rìn kọjá. Mi ò rí aburú nínú ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà ní Ọ̀yọ́ pè mí. Ó lóyún, ajá wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin náà mọ̀. Mo bi í bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí. Ó ní rárá. Mo ní ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ká tó máa sọ ti ìtọ̀. Ó ní Sátidé làwọn máa lọ, ọkọ òun ti ń wá oníkẹ̀kẹ́ tó máa gbà láti gbé ajá.